Ta Ni Yóò Dáhùn Káàbọ̀?

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní. Yìnyín láti àárọ̀.

Fumi, Ìyá Àgbà ti kú.

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kò ṣeé parẹ́ mọ́. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọdún parí. Wọ́n jẹun alẹ́, wọ́n ní ọbẹ̀ mi níyọ̀ jù, wọ́n lọ sùn, ilẹ̀ mọ́, wọn ò jí. Ojú wọn tutù bí ojú ẹni tó ń gbọ́ ìtàn. Kí o tó bi mí pé kí ló dé tí n kò pè ọ́: láti ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ti ń kì mí nílọ̀. "Má da Fumika láàmú. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá parí, á wálé." Èmi ń dúró kí ó parí, àwọn náà ń dúró. Ikú nìkan ni kò dúró.

Káàdì ọdún rẹ wá dé ní ọjọ́ ọdún gan-an. A ò ráyè fi ìwé ìsọfúnni ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n má kí wa lọ́dún yìí, torí náà àwọn èèyàn ń kí ilé ọ̀fọ̀ kú ọdún láìmọ̀. Tìrẹ ló dùn mí jù. "Ìyá Àgbà, ẹ kú ọdún tuntun o. Ẹ wo ánímè, eré àwòrán tí mo bá wọn yà. Nǹkan yín kan wà níbẹ̀." Mo gbé e síwájú àwòrán wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ìrẹsì. Mo dojú rẹ̀ dé. Mo tún ṣí i.

Inú dúrọ́ọ̀ wọn ni mo ti rí ìwé yìí, ìwé àlọ-àbọ̀ tí àwa ọ̀rẹ́ méjèèjì fi ń kọ̀wé síra wa. Wọ́n fi aṣọ wé e. Ìwọ lo kọ kẹ́yìn, ní ọjọ́ tí a jáde ilé ìwé: "Sayoko, ìwọ ló kàn." Láyé ìjọ́un, a máa ń fi í sínú àpótí bàtà ara wa nílé ìwé, kí ilẹ̀ tó mọ́ ìdáhùn ti wà níbẹ̀. Ojú ewé ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. N ó máa kọ ọ́ títí ara mi yóò fi gbà á láti fi ránṣẹ́.

Ohun kejì: Koto ọmọ mi ò sọ̀rọ̀ mọ́. Òun ló lọ jí Ìyá Àgbà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Látìgbà náà, kò sọ̀rọ̀ sí mi, kò sọ̀rọ̀ sí bàbá rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ń jẹun. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò ní ohùn. Dókítà ní kí a má fi ipá fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Oṣù kẹrin ló máa wọ kíláàsì kìíní, ní ilé ìwé tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ ńkọ́?


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kìíní.

A wo apá kìíní ánímè rẹ. Òru ni tẹlifíṣọ̀n ń gbé e jáde, mo gbà á sílẹ̀, a wò ó láàárọ̀ Sátidé, ẹsẹ̀ wa lábẹ́ tábìlì oníná tó ń lé òtútù. "Yípo Ká Tó Délé." Ọmọbìnrin mẹ́rin, ìlú etí òkun bíi tiwa. Wọ́n jáde ilé ìwé, wọ́n gba ẹ̀yìn èbúté, wọ́n ra ọ̀dùnkún sísun kan, wọ́n pín in, apá ẹnì kan kéré, wọ́n jà díẹ̀. Wọ́n lọ sílé.

Mo ní, "Ó tán?"

Koto ò wò mí. Nítorí ó ku ibì kan. Sumi, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú ńlá dé, ṣílẹ̀kùn ilé wọn. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀, ó yí ẹnu bàtà náà padà sí ọ̀nà ìta. Ó sọ fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn pé, "Mo ti dé." Kò sí ìdáhùn. Ó tan iná.

Koto kúrò lábẹ́ tábìlì oníná nínú òtútù yìí, ó lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní.

Kẹrosíìnì tún ti gbówó lórí. Ìdajì kábéèjì ni mo rà, odidi ti di ti ọlọ́lá.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kìíní.

Fumi, ìwọ náà mọ ohun tí o ṣe.

Wọ́n ní kí Sumi wá ka ìwé nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òjò ń rọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, mo sì rí ẹnu ọ̀nà wa. Ẹnu ọ̀nà wa gan-an. Ibi tí àtẹ̀gùn ti sán nígbà tí òkúta já bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Àgbà lù ú. Agboòrùn búlúù tí a fi téèpù wé lọ́rùn. Àwọn ìlà pẹ́ńsù tí a fi wọn gíga wa lára òpó, tí èmi wà lókè, tí ìwọ wà nísàlẹ̀ mi, tí o fi ń bínú. Kódà ìlà tí o fà sókè jù láti fi rẹ́ mi jẹ, ó wà níbẹ̀. Mo dìde lọ wo òpó náà lẹ́nu ọ̀nà, mo padà wá wo ti tẹlifíṣọ̀n. 

Ó yẹ kí Sumi sọ bí àlejò ti í sọ, pé, "Ẹ dákun, mo wá dí yín lọ́wọ́." Ẹnu rẹ̀ yọ̀. Ó ní, "Mo ti dé."

Ojú rẹ̀ pọ́n títí dé etí, bí tìrẹ ṣe pọ́n lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ wá sílé wa tí o ṣi ọ̀rọ̀ kan náà sọ, tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ ń kán omi sílẹ̀, tí o kò mọ bóyá kí o wọlé tàbí kí o sá. Ohùn arúgbó wá láti ilé ìdáná, kò tiẹ̀ dúró ronú:

"Káàbọ̀. Fọ ọwọ́ ẹ."

Ìyá Àgbà ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ náà rí, àbí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀? Láti ọjọ́ yẹn títí o fi lọ, "Mo ti dé" lo ń sọ ní ẹnu ọ̀nà wa. Ìyá tìrẹ ò sí nílé láti dá ọ lóhùn, Ìyá Àgbà mọ̀, wọn ò sì bi ọ́ rí.

Mo sunkún títí orin ìparí fi tán. Koto fi aṣọ ìnuwọ́ nu ojú mi bí ẹni ń nu tábìlì.


Ogúnjọ́, oṣù kìíní.

Níbi iṣẹ́, bí a ti ń dín àkàrà ànàmọ́ tí ṣọ́ọ̀bù ń tà fún oúnjẹ ọ̀sán, Ìyá Okuda bi mí pé kí ló dé tí ojú mi wú.

Mo ní, "Ánímè ni."

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ta ló ń fẹ́ ta?"

"Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ ẹnikẹ́ni."

"Kí wá ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n ń rìn lọ sílé."

Wọ́n yí àkàrà náà padà. "Ìyá Koto, èmi náà ń rìn lọ sílé lójoojúmọ́. Ẹnikẹ́ni ò sunkún fún mi rí."


Ọjọ́ kẹẹ̀dọ́gbọ̀n, oṣù kìíní. Yìnyín dá.

Apá kẹta. Sumi tún lọ sílé ìyá àgbà náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rọra sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí, bí ẹni tó ń wò ó bóyá wọ́n ṣì ń gbà á:

"Mo ti dé."

Kí arúgbó tó la ẹnu, ẹnìkan ní, "Káàbọ̀."

Mo rò pé tẹlifíṣọ̀n ni. Koto ni. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí a ò ṣí fún ìgbà pípẹ́. N kò mira. Dókítà ní kí n má pariwo bí ó bá ṣẹlẹ̀. Mo mú ọsàn kan, mo ń bó o, mo ń bó o, mo bó o tán, n kò mọ ibi tí mo fi í sí.


Ọjọ́ kejì, oṣù kejì.

Genta, bàbá Koto, dé láti ọ̀nà jíjìn, ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ dúró sí ìsàlẹ̀ òkè torí yìnyín. Mo ti sọ fún un lórí fóònù pé Koto dá Sumi lóhùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbóhùn sókè.

"Mo ti dé."

Koto jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wò ó.

"Mo ní mo ti dé. Àbí mo ṣìlé ni?" Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó tún wọlé, yìnyín lórí rẹ̀. "Ẹ dákun, ilé Koto ni mò ń wá. Ọmọ kan báyìí, eyín rẹ̀ kan ti yọ, ó fẹ́ràn ẹyin."

Koto rẹ́rìn-ín títí ó fi dojú bolẹ̀. Kò sí ohùn níbẹ̀.

Ní ilé ìdáná, ó ní, "Ọmọ yìí ń dá katúùnù lóhùn, kò dá bàbá ẹ̀ lóhùn. Ṣé kí n kun irun mi ní àwọ̀ osùn ni?"

"Irun Sumi dúdú ni."

"Ìyẹn ni pé ojú mi ló fa á." Ó gbọn yìnyín kúrò lórí rẹ̀. "Sayo, tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni yóò ti máa sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ìgbà wo ni nǹkan yẹn máa parí?"

"Ìparí oṣù kẹta."

Àwa méjèèjì mọ ohun tó kàn. Àwọn ánímè yìí máa ń bá àkókò lọ. Bí ìgbà òtútù bá kọjá, òmíràn á gba ipò rẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn ò sì ní ṣí mọ́.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì.

Mo mú Koto lọ wo ilé ìwé rẹ̀ tuntun. Olùkọ́ pe orúkọ rẹ̀. Ó nawọ́ sókè gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Olùkọ́ ní, "Ọwọ́ tó lágbára nìyẹn." Èèyàn rere ni. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì. Òjò àti yìnyín pọ̀.

Nínú apá ti òní, àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró de bọ́ọ̀sì. Ìyẹn nìkan. Òjò ń rọ̀ sórí páànù, ọ̀kan ń ka àwọn àkọsílẹ̀ ara ògiri, ọ̀kan ń sùn, Sumi ń wo ìgbín kan tó ń gun òpó. Bọ́ọ̀sì ò tètè dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tí wọ́n fẹ́ dà. Ẹni tó ń sùn ní òun ò mọ̀. Ẹlòmíràn ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀, ìgbín náà ò mọ̀." Bọ́ọ̀sì dé. Wọ́n ò wọ̀ ọ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbín náà máa débi tó ń lọ.

Fumi, mo ti ń ronú sí i láti àárọ̀. Ẹ̀yin àgbàlagbà jókòó nínú ilé kan ní ìlú ńlá, ẹ ya òjò yẹn, ẹ̀kán kan tẹ̀lé òmíràn, fún ìgbín. O ti sọ fún mi nígbà kan pé kí igi kan tó mì lórí ẹ̀rọ, ẹnìkan ní láti yà á léraléra, pé ẹnikẹ́ni ò ní kíyè sí i bí ó bá dára, bí ó bá burú nìkan ni wọn yóò rí i. Mo gbọ́ ọ nígbà náà, n kò gbọ́ ọ yé. Mo rò pé ohun ńlá ni a máa ń fi iṣẹ́ ńlá ṣe. Ẹnu yà mí. Ọjọ́ tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹnìkan kà á sí ohun tó yẹ kí a tọ́jú tó bẹ́ẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kún ọwọ́ wa nígbà tí a wà lọ́mọdé, a sì ń sọ pé ó sú wa, a ń sọ pé ìlú yìí ti kú. A kò mọ̀ pé òun gan-an ni ilé ayé.

Ní ìrọ̀lẹ́, Koto mú mi lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé. Ó ń wá ìgbín. Nínú yìnyín. Mo bá a wá a.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta.

Ìyá Okuda ti ń wò ó. Ọmọ-ọmọ wọn ló gbà á sílẹ̀ fún wọn.

"Ìyá Koto, ṣé ìgbín yẹn débẹ̀?"

"Wọn ò fi hàn."

"Mo mọ̀ pé wọn ò fi hàn. Mo ń bi ọ́ bóyá ó débẹ̀."


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta.

Ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde jẹ́lé-ó-sinmi. Wọ́n pe orúkọ Koto. Ó nawọ́, ó tẹrí ba. Àwọn ìyá yòókù pàtẹ́wọ́ fún un ju ti ọmọ tiwọn lọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Láàárọ̀, ó ti dá Sumi lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo bọ́ aṣọ àríyá mi tán, mo jáde síta, mo tún wọlé, mo ní, "Mo ti dé." Ó wò mí. Ó lọ wo yàrá Ìyá Àgbà, ó padà wá, ó jókòó. Ó ti yé mi báyìí. Ìyá Àgbà ló ń dáhùn nílé yìí. Koto ò fẹ́ gba iṣẹ́ oníṣẹ́.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta. Yìnyín ti ń yọ́ lórí òrùlé.

Ó ku apá kan ṣoṣo. Wọ́n fi díẹ̀ hàn nínú rẹ̀ ní ìparí: Sumi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní "Mo ti dé," kò sí ìdáhùn. Àwòrán náà gé síbẹ̀.

Fumi, má jẹ́ kí wọ́n pa arúgbó náà. Mo mọ̀ pé ẹ ti ya apá náà tán, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ò lè tún nǹkan ṣe. Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo fẹ́ pè ọ́ kí n bi ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́, wàá ní, "Ìyá Àgbà ńkọ́?"


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta.

Genta wà nílé. Ó ní kí òun kọ́kọ́ dá wò ó, kí a mọ̀. Mo ní rárá. N kò mọ ìdí tí mo fi kọ̀. Bóyá nítorí ẹnu ọ̀nà yẹn ò tíì parọ́ fún mi rí.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Sumi wọlé. Ó bọ́ bàtà, ó yí i padà. "Mo ti dé."

Wọ́n fi ìkòkò hàn wá lórí iná, èéfín ń jáde. Agboòrùn búlúù. Ìlà ara òpó. Ìkòkò. Ó pẹ́ débi pé Genta di ọwọ́ mi mú. Sumi wọ ilé ìdáná, kò sí ẹnikẹ́ni. Ó dúró. Mo rí ojú rẹ̀, mo sì mọ ojú náà: ojú Koto láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, nígbà tó ti yàrá Ìyá Àgbà jáde wá bá mi.

Koto dìde, ó ní, "Káàbọ̀." Kì í ṣe wúyẹ́wúyẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ju okùn sí ẹni tó wà nínú omi.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì ṣí. Arúgbó náà wọlé, ewé àlùbọ́sà lọ́wọ́ rẹ̀, erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òun ló sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí:

"Mo ti dé."

Sumi, ọmọ àlejò, tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ lọ́jọ́ kìíní, ṣí ẹnu. Kò yá a lára. Ó wá jáde: "Káàbọ̀."

Wọ́n gé àlùbọ́sà sínú ọbẹ̀. Ó tán.

Genta jáde lọ wo táyà ọkọ̀ tí kò ní ohunkóhun tó ṣe é.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹta.

Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, òórùn òróró ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣílẹ̀kùn. N kò retí nǹkankan, àṣà ẹnu lásán ni. "Mo ti dé."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń yí bàtà mi padà. Láti ilé ìdáná:

"Káàbọ̀, Màmá."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, níbi tó ti sán. Koto jáde wá. Ó ní, "Fọ ọwọ́ ẹ." Ohùn rẹ̀ ni, ohùn tí mo ti ń gbàgbé. Mo ní, "Mo gbọ́." Ó jókòó tì mí. Ó wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Àlùbọ́sà yẹn pọ̀ ni?"

"Àlùbọ́sà wo?"

"Èyí tí Ìyá Àgbà lọ fà. Wọ́n ti pẹ́."

Fumi, ibẹ̀ ló ti yé mi. Mo ti ń sá fún gbólóhùn kan láti ọdún tó kọjá, èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí sí ọ. Mi ò mọ̀ pé n kò tíì sọ ọ́ fún òun náà. A sọ pé wọ́n ń sinmi, a sọ pé wọ́n lọ, a tan tùràrí, a mú un lọ síbi ìsìnkú. Ẹnikẹ́ni ò jókòó sọ ọ́ fún un.

Mo ní, "Koto, Ìyá Àgbà ò sí lẹ́yìn ilé. Wọ́n ti kú. Wọn ò ní wọlé láti ẹnu ọ̀nà yìí mọ́, tàbí láti ẹ̀yìn."

Mo rò pé yóò tún dákẹ́. Mo ti ń retí rẹ̀, mo ti di ara mi mú. Ó fi orí gbá apá mi, ó sunkún, ẹkún náà sì ní ohùn, ó ní ohùn gan-an, ó le débi pé bàbá aládùúgbò yọjú. N kò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ tó sì dunni tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Tó bá jẹ́ pé Sumi wá ńkọ́? Ta ni yóò dáhùn?"

"Ìwọ."

"Ṣé ó máa wá?"

Mo fi ìlà pẹ́ńsù tìrẹ hàn án lára òpó. Mo sọ fún un pé ẹni tó ya ẹnu ọ̀nà Sumi ni ó fa ìlà yìí, pé ó rẹ́ mi jẹ níbẹ̀, pé òun ni ó kọ́kọ́ ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ó fọwọ́ kan ìlà náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kí n gbé òun dúró tì í. Ó kù díẹ̀ kí ó tó ọ.


Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹta. Oòrùn ràn.

Mo ń fi ìwé náà ránṣẹ́ lónìí, kí ọkàn mi tó yí padà. Bí o bá sunkún, sun ún dáadáa, lẹ́yìn náà kí o wá. Ilé ìwé Koto ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí wọn ò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀ kíákíá, ó dára bẹ́ẹ̀, ìgbín náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí pé ìgbà wo ni ìwọ ń bọ̀, ó sì ti gbé agboòrùn búlúù náà sí ibi tó wà nínú àwòrán rẹ.

Tí o bá dé ẹnu ọ̀nà, má sọ ọ̀rọ̀ àlejò. O mọ ohun tí wàá sọ. Ẹni tó máa dáhùn wà nílé.

Ìwọ ló kàn. Jọ̀wọ́, tètè fèsì.